ECOWAS: Ká jáde ni, àbí ká dúró? Àríyànjiyàn tó pín àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ mẹ̀kúnnù sí méjì

Ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2025, ẹbí tó ti ń gbé pọ̀ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú ECOWAS, àjọ tó so àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pọ̀ nípa ọrọ̀ ajé. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n tẹ́lẹ̀, méjìlá ló kù. Ọdún kan ṣáájú ọjọ́ náà, ìyẹn ní ọjọ́ 28, oṣù kìíní, ọdún 2024, ni àwọn ológun tó ń ṣèjọba níbẹ̀ ti kéde pé àwọn ń lọ. Lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àjọ náà ni pé ó ti yà kúrò lójú ọ̀nà tí àwọn tó dá a sílẹ̀ là fún un, pé àwọn alágbára láti òkè òkun ló ń darí rẹ̀, àti pé ìyà tó fi jẹ àwọn aráàlú àwọn kò bójú mu.

Ọ̀rọ̀ “àwọn tó dá a sílẹ̀” yẹn yẹ kó mú kí ará Ìjẹ̀bú-Òde gbé etí sókè. Bí a bá ka àwọn tó fi ọpọlọ àti ẹsẹ̀ wọn kọ́ ilé ECOWAS, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan wà níwájú pátápátá.

Ìròyìn àwọn ológun mẹ́ta yìí ti kún inú ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n ìjà mìíràn wà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn sójú táyé. Òun ni ìjà àárín àwọn tó máa ń wà ní ìhà kan náà nígbà gbogbo: àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àwọn ajìjàgbara, àwọn sósíálíìsì àti àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbà pé ti mẹ̀kúnnù ló yẹ kí ọrọ̀ ajé máa ṣe. Àwọn kan nínú wọn ní kí wọ́n máa jáde lọ, nítorí òmìnira ló dé yẹn. Àwọn mìíràn ní àṣìṣe ńlá ni, mẹ̀kúnnù náà ni yóò sì san owó rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ tú palẹ̀ níbí nìyẹn: kí ni ìhà kọ̀ọ̀kan ń wí, ibo ni ọ̀rọ̀ wọn ti wá, kí sì ni ìtàn fi kọ́ wa?

ỌMỌ ÌJẸ̀BÚ-ÒDE NÍDÌÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Oṣù kejìlá ọdún 1930 ni wọ́n bí Adébáyọ̀ Adédèjì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó kàwé ní Ìlú Ọba àti ní Harvard lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní ọdún 1967, nígbà tí kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Ní 1971, ọ̀gágun Yakubu Gowon fi í ṣe kọmíṣánnà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ọrọ̀ ajé àti àtúnṣe ìlú lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Òun kan náà ni wọ́n máa ń dárúkọ mọ́ ìdásílẹ̀ ètò àgùnbánirọ̀, NYSC, ní 1973.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1972, Gowon àti Ààrẹ Gnassingbé Eyadéma ti orílẹ̀-èdè Tógò fẹnu kò pé kí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ àjọ kan tí kò ní wo ti èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí èdè Faransé. Adédèjì ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Ní 1973, òun àti àwọn aṣojú Tógò rin orílẹ̀-èdè méjìlá láti parọwà fún àwọn olórí ibẹ̀. Iṣẹ́ náà kò rọrùn rárá. Ọdún náà gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé dá àjọ tiwọn sílẹ̀, CEAO, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń bẹ̀rù pé Nàìjíríà tó tóbi tó sì ní epo rọ̀bì yóò gbé àwọn mì. Lẹ́yìn ìpàdé Lomé, Accra àti Monrovia, orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fọwọ́ sí ìwé àdéhùn náà ní Èkó, ní ọjọ́ 28, oṣù karùn-ún, ọdún 1975. Cape Verde dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Mauritania ló kọ́kọ́ jáde, ní ọdún 2000.

Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ kò ju ohun tí Yorùbá máa ń wí lọ, pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Orílẹ̀-èdè kéékèèké tó ń ta kòkó, ẹ̀pà tàbí òwú nìkan kò lè dá bá òyìnbó na ọjà kó jàre. Bí ọjà gbogbo wọn bá di ọ̀kan, ilé iṣẹ́ yóò lè gbèrú, ọ̀nà yóò là, àwọn aráàlú yóò sì máa lọ máa bọ̀.

ỌNÀ ÌJẸ̀BÚ NÍ 1892

Kí a tó dé orí ohun tí àwọn ajìjàgbara ń wí, ó yẹ kí a rántí pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà ṣíṣí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọn Ìjẹ̀bú ló wà láàrín Èkó àti àwọn ìlú òkè ní ayé àtijọ́. Àwọn ló ń ṣọ́ ibodè, àwọn ló ń gba owó oníbodè, ẹrù tó ń ti etídò bọ̀ àti epo pupa tó ń ti òkè lọ kò sì lè gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá bí wọn kò bá fẹ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó ní dandan, kí ọ̀nà ṣí. Ní oṣù kìíní ọdún 1892, wọ́n mú kí àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú gba àdéhùn pé àwọn yóò ṣí ọ̀nà, Gẹ̀ẹ́sì yóò sì máa san £500 lọ́dún dípò owó ibodè. Ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ láìpẹ́, nígbà tí wọ́n ní Ìjẹ̀bú kò jẹ́ kí ajíhìnrere kan kọjá. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn Maxim wá, wọ́n ṣẹ́gun ní Ìmàgbọn, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣí i ló di olówó rẹ̀.

Ìtàn yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé orí irú rẹ̀ ni iyèméjì àwọn ajìjàgbara dúró lé. Bí ẹnikẹ́ni bá wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ “ọjà kan ṣoṣo” tàbí “òwò láìsí ìdènà”, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé: ta ni ó ń ṣí ọ̀nà, nítorí ta ni ó sì ṣe ń ṣí i?

OHUN TÍ ÀWỌN TÓ NÍ KÁ JÁDE Ń WÍ

Ẹjọ́ wọn pín sí mẹ́rin.

Èkíní ni ti ìyà. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní ọjọ́ 26, oṣù keje, ọdún 2023, ECOWAS, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti Nàìjíríà jẹ́ alága rẹ̀ nígbà náà, ti ẹnubodè pa, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé owó Niger tó wà ní báńkì, Nàìjíríà sì pa iná mànàmáná tí wọ́n ń tà fún wọn, èyí tó jẹ́ apá tó pọ̀ jù nínú iná tí orílẹ̀-èdè náà ń lò. Wọ́n tún halẹ̀ ogun. Kì í ṣe àwọn ọ̀gágun ni òkùnkùn ṣú mọ́, àwọn aláboyún ní ilé ìwòsàn àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń fi iná ṣiṣẹ́ ni. Mali náà ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ láti oṣù kìíní títí di oṣù keje ọdún 2022. Àwọn ajìjàgbara bèèrè pé: nígbà tí àwọn alágbádá ń yí òfin ìlú padà kí wọ́n lè lo sáà kẹta, bíi ti Guinea àti Côte d'Ivoire ní 2020, kí ló dé tí ECOWAS kò pa iná tiwọn?

Èkejì ni ti owó. Owó CFA tí orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń ná jẹ́ ohun tí Faransé dá sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1945. Wọ́n so ó mọ́ owó Faransé, lẹ́yìn náà wọ́n so ó mọ́ owó euro. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, iye rẹ̀ já sí ìdajì ní ọ̀sán kan òru kan, owó oṣù òṣìṣẹ́ sì di yẹpẹrẹ lọ́jà. Joseph Tchundjang Pouemi ti Kamẹrúùnù ti kọ ìwé lòdì sí i láti 1980. Samir Amin, ọmọ Íjíbítì tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Dakar, fi ayé rẹ̀ kọ́ni pé orílẹ̀-èdè tálákà gbọ́dọ̀ gé okùn tó so ó mọ́ ọjà àwọn olówó ayé, kó kọ́kọ́ ṣètò ilé ara rẹ̀. Lójú àwọn ọmọ ẹ̀yìn irú ẹ̀kọ́ yìí, àjọ tí kò lè já okùn CFA kò lè dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti ohun alùmọ́ọ́nì. Wọ́n ní ECOWAS kò dí ilé iṣẹ́ ńláńlá lọ́wọ́ láti máa kó wúrà Mali àti uranium Niger lọ, síbẹ̀ ó yára láti fìyà jẹ ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbà á padà. Nígbà tí ìjọba Niger sọ ilé iṣẹ́ ìwakùsà Somaïr di ti ìjọba ní oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n ní ẹ̀rí nìyẹn pé ẹni tó bá jáde ló lè gba ohun tirẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ti ẹni tó ni àjọ. Àwọn ọmọ ilé aṣòfin ECOWAS kì í ṣe ẹni tí aráàlú dìbò yàn tààrà, láti ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń rán wọn lọ. Àwọn ààrẹ ló ń pàṣẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn alátakò fi ń pè é ní ẹgbẹ́ àwọn ààrẹ. A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn, ni wọ́n wí. Bí ilé bá ti ń jó, ìta ni à ń sá sí.

OHUN TÍ ÀWỌN TÓ NÍ KÁ DÚRÓ Ń WÍ

Ìhà kejì gba ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀sùn wọ̀nyí. Àwọn náà kọ ogun Niger. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, NLC, sọ̀rọ̀ lòdì sí i ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé aṣòfin àgbà Nàìjíríà pàápàá sì ní kí Tinúbú wá ọ̀nà mìíràn. Ohun tí wọn kò gbà ni pé jíjáde ni oògùn rẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ni èsì tiwọn.

Wọ́n kọ́kọ́ tọ́ka sí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1979, ECOWAS fọwọ́ sí ìlànà tó fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti wọ orílẹ̀-èdè yòókù kó sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Ta ló ń jàǹfààní rẹ̀? Olówó ní físà Amẹ́ríkà nínú àpò. Ìyá tó ń ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ ra aṣọ ní Kùtọ̀nù, awakọ̀ tó ń kó àlùbọ́sà Galmi láti Niger wá sí gúúsù Nàìjíríà, oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń wá iṣẹ́ lọ sí Abidjan, àwọn ni òfin náà wà fún.

Yorùbá sì mọ bí ayé ṣe rí nígbà tí kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn. Yorùbá pọ̀ lára àwọn tí wọ́n lé. Ẹni tí wọ́n bí sí Kumasi, tí kò mọ ilé bàbá rẹ̀ rí, dé sílé lọ́wọ́ òfo. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ó kan Nàìjíríà. Ìjọba Ṣẹ̀hú Ṣàgàrí lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, àwọn ọmọ Gánà tó lọ nínú wọn sì lé ní mílíọ̀nù kan. Ibẹ̀ ni àpò tí a mọ̀ sí “Ghana Must Go” ti gba orúkọ. Òtítọ́ ni pé ìlànà 1979 ti wà nígbà náà tí kò sì dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní ká dúró ní ohun tí èyí kọ́ni ni pé òfin tí aráàlú kò bá jà fún, ìwé lásán ni, kì í ṣe pé kí a ya ìwé náà.

Wọ́n tún tọ́ka sí ilé ẹjọ́. Láti 2005, ẹnikẹ́ni lè gbé ìjọba rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ ECOWAS ní Àbújá. Hadijatou Mani Koraou, obìnrin kan ní Niger tí wọ́n tà bí ẹrú nígbà tó wà lọ́mọdé, pe ìjọba rẹ̀ lẹ́jọ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹwàá, ọdún 2008, ilé ẹjọ́ náà dá a láre, ó sì ní kí ìjọba Niger san 10 mílíọ̀nù CFA fún un. Ilé ẹjọ́ yìí kan náà ló dájọ́ ní oṣù keje ọdún 2022 pé ìjọba Nàìjíríà ṣẹ̀ sófin nígbà tó ti Twitter pa. Níbo ni obìnrin mìíràn bíi Hadijatou yóò gbà báyìí, bí ìjọba Niger bá ti jáde?

Ní ìparí, wọ́n bèèrè ẹni tí àwọn ológun bi léèrè kí wọ́n tó jáde. Kò sí ìbò kankan. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìjọba Niger tú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ká. Ní oṣù karùn-ún, Mali ṣe bákan náà. Sósíálíìsì tí kò gba kí òṣìṣẹ́ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ni wọ́n wí, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́. Wọ́n tún rán àwọn tó ń fi Thomas Sankara búra létí pé Sankara, tó ṣèjọba Burkina Faso láti 1983 títí tí wọ́n fi pa á ní oṣù kẹwàá ọdún 1987, kò mú orílẹ̀-èdè rẹ̀ kúrò nínú ECOWAS. Ní Addis Ababa, ní oṣù keje ọdún 1987, ohun tó bẹ àwọn olórí Áfíríkà fún ni pé kí wọ́n pawọ́ pọ̀ kọ gbèsè, nítorí pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá dá a ṣe, wọn yóò pa á.

ÀWỌN TÓ TI JÁDE RÍ

Mali kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jáde. Ní oṣù keje ọdún 1962, Ààrẹ Modibo Keïta, tó jẹ́ sósíálíìsì, kó Mali kúrò nínú ẹgbẹ́ owó CFA, ó sì tẹ owó tirẹ̀. Láàrín oṣù náà gan-an, àwọn oníṣòwò jáde sí ìgboro Bamako láti fẹ̀hónú hàn, nítorí owó tuntun náà kò ṣe é ná ní àwọn ìlú tí wọ́n ti ń rajà. Fàyàwọ́ gbilẹ̀. Ní 1967, Mali padà lọ bá Faransé dúnàá dúrà, wọ́n sì gé iye owó náà sí ìdajì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1968, àwọn ológun lé Keïta. Ní 1984, Mali padà sínú CFA.

Àwọn tó ní ká dúró ní ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni kan kì í dá jáde. Àwọn tó ní ká jáde ní ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé Keïta dá lọ ni, àwọn mẹ́ta ti ìsinsìnyí sì jọ lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìhà méjèèjì gbọ́dọ̀ dáhùn: nígbà tí àwọn mẹ́ta náà ń jáde nínú ECOWAS ní 2025, inú ẹgbẹ́ owó CFA ni wọ́n ṣì wà. Ilé tí Nàìjíríà wà ni wọ́n kúrò, wọ́n dúró sí èyí tí Faransé kọ́.

Ìlú Ọba náà ní irú ìtàn yìí. Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ECOWAS ní Èkó, ìyẹn ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 1975, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì dìbò bóyá kí àwọn dúró nínú ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé ilẹ̀ Yúróòpù. Tony Benn, Michael Foot àti Barbara Castle, tí wọ́n jẹ́ mínísítà nínú ìjọba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ní kí wọ́n jáde, nítorí pé ẹgbẹ́ àwọn olówó ni. Ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún dìbò pé kí wọ́n dúró. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, wọ́n tún dìbò. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ òṣèlú Labour ní kí wọ́n dúró, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin RMT ní kí wọ́n jáde. Ìdá 52 ní kí wọ́n jáde, wọ́n sì jáde ní oṣù kìíní ọdún 2020.

Lẹ́yìn náà, àwọn òṣìṣẹ́ láti Yúróòpù kò lè wọlé ní fàlàlà mọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba fún àwọn olùtọ́jú arúgbó láti òkè òkun láyè láti wá, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n ní wọn kò gbọ́dọ̀ mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tuntun. Òṣìṣẹ́ tó ní ẹ̀tọ́ lọ, òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ físà ọ̀gá rẹ̀ ló rọ́pò rẹ̀. Ohun tí àwọn Benn ń wá kọ́ nìyẹn.

ẸGBẸ́ ÒṢÌṢẸ́ NÀÌJÍRÍÀ ÀTI IBODÈ ÌDÍRÓKÒ

Ní Nàìjíríà, kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ńlá tó ń pè fún jíjáde nínú ECOWAS. Ṣùgbọ́n wọn kì í fọwọ́ sí gbogbo àdéhùn bí ó bá ṣe wá. Nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fẹ́ lọ sí Kigali ní oṣù kẹta ọdún 2018 láti fọwọ́ sí àdéhùn òwò gbogbo Áfíríkà, AfCFTA, NLC lábẹ́ Ayuba Wabba takò ó pé ọjà òkèèrè yóò gba ẹ̀yìn wọlé, yóò sì pa ìwọ̀nba ilé iṣẹ́ tó kù. Àwọn oníléeṣẹ́ náà sọ bẹ́ẹ̀. Buhari kò lọ mọ́. Ọjọ́ 7, oṣù keje, ọdún 2019 ló tó fọwọ́ sí i, ní Niamey. Bẹ́ẹ̀ náà ni Nàìjíríà kò fọwọ́ sí àdéhùn òwò tí Yúróòpù fi lọ ECOWAS, èyí tí àwọn olórí yòókù ti tẹ́wọ́ gbà ní 2014. Ọ̀nà kẹta nìyí: kí a dúró nínú ilé, kí a sì máa sọ pé rárá sí ohun tí kò dára.

Oṣù kan lẹ́yìn tí Buhari fọwọ́ sí ìwé Niamey, ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ó ti gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀ pa, ó ní nítorí fàyàwọ́ ìrẹsì. Àwọn kan nínú ajìjàgbara yìn ín pé àgbẹ̀ wa yóò rí ìrẹsì wọn tà. Àwọn kan bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa, Ìdírókò ló jẹ ìyà náà jù. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n tún ní kí a má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tí kò jìnnà tó 20 kìlómítà sí ibodè. Wọ́n ṣí àwọn ẹnubodè kan, Sẹ̀mẹ̀ wà lára wọn, ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ṣùgbọ́n Ìdírókò dúró di oṣù kẹrin ọdún 2022. Yorùbá ló wà ní ìhà méjèèjì ibodè yẹn: ẹni tó ní àna ní Kétu àti oko ní Ìpókíá, kò sí ìwé àdéhùn tó lè sọ ọ́ di àjèjì. Nàìjíríà kò jáde nínú ECOWAS o, síbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún méjì, ẹni tó ń gbé ní Ìdírókò kò mọ ìyàtọ̀ láàrín pé a dúró àti pé a jáde.

IBI TÍ ADÉDÈJÌ DÚRÓ SÍ

Adédèjì kì í ṣe sósíálíìsì, ìjọba ológun ló bá ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìhà méjèèjì ló ń fi í ṣe ẹlẹ́rìí. Láti 1975 sí 1991, òun ni ọ̀gá àgbà àjọ ọrọ̀ ajé Áfíríkà lábẹ́ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Addis Ababa. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú Ètò Èkó tí àwọn olórí Áfíríkà fọwọ́ sí ní 1980, tó ní kí ilẹ̀ yìí gbára lé ara rẹ̀, kí ó sì so ọjà rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí Báńkì Àgbáyé àti IMF gbé SAP wá, tí a ń yọ òṣìṣẹ́ níṣẹ́, tí náírà ń wálẹ̀, àjọ tó ń darí ló gbé ètò mìíràn jáde ní 1989 láti fi hàn pé SAP nìkan kọ́ ni ọ̀nà. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, Ìjẹ̀bú-Òde ló padà sí, tó dá ibùdó ìwádìí ACDESS sílẹ̀. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2018, kò sì rí ọjọ́ tí ilé tó kọ́ ya.

Àwọn tó ní ká jáde rí i pé ó bá òyìnbó jà. Àwọn tó ní ká dúró rí i pé inú àjọ ló wà tó fi jà. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì wí.

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn kò lọ́jú pọ̀. Ìhà méjèèjì kò ṣe àríyànjiyàn lórí àìsàn tó ń ṣe ECOWAS. Àjọ àwọn ààrẹ ni títí di òní. Àwọn olórí rẹ̀ fúnra wọn ti jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe ìlérí ní Àbújá ní 2007 pé yóò di ECOWAS àwọn aráàlú. Ìjáde tí ológun ṣe láìbi ẹnikẹ́ni léèrè kò sọ ọ́ di ti aráàlú. Ìdúró tí a ń fi iná mànàmáná àti ẹnubodè jẹ aládùúgbò níyà kò sì sọ ọ́ di tiwọn. Ìbéèrè 1892 náà ló kù: ta ni ó ń ṣí ọ̀nà, nítorí ta ni?

Ní báyìí ná, kí àwọn arìnrìn-àjò wa mọ èyí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kéde pé àwọn kò ní gba físà lọ́wọ́ ọmọ ECOWAS. Ní ọjọ́ tí wọ́n jáde gan-an, ECOWAS ní kí gbogbo aṣọ́bodè máa bá a lọ láti gba ìwé ìrìnnà wọn títí di ìgbà tí a bá sọ òmíràn. Àmọ́ ní oṣù kẹta ọdún 2025, àwọn mẹ́ta náà fi owó orí kún ọjà tó bá ti ìta ẹgbẹ́ wọn wọlé, ìdá àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Owó náà kéré lójú ìjọba. Orí àpò àlùbọ́sà àti ìdì aṣọ ni yóò máa jókòó sí.